Ẹ̀kọ́ Tíósófì àti Ìgbàgbọ́ Àwọn Baba Wa: Ta ni Ẹlẹ́rìí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa, pàápàá lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà, pé àwọn baba wa kì í ṣe aláìmọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọmọ ní Bàbátúndé tàbí Yétúndé. Pé ohun kan náà tí àwọn amòye Íńdíà mọ̀, tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ sì mọ̀, ni àwọn náà mọ̀. Àti pé gbogbo ẹ̀sìn ayé, ti Ifá pẹ̀lú, jẹ́ ẹ̀ka ara igi kan ṣoṣo tí gbòǹgbò rẹ̀ fara sin. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí inú rẹ̀ kì í dùn nígbà tí a bá yin àwọn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ó sọ ọ́ pé níbo ni ó ti rí i, ní ìgbà púpọ̀ kì í ṣe lẹ́nu babaláwo. Inú ìwé àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Tíósófì ni ó ti rí i, tàbí inú ìwé ẹlòmíràn tí ó yá a lọ́wọ́ wọn láìdárúkọ wọn. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a ṣí àwọn ìwé wọ̀nyí, kí a sì yẹ̀ wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí a ti í yẹ ìtàn ìlú wò.

Méjì ni a gbé ka iwájú wa: The Secret Doctrine, tí ó jáde ní apá méjì ńlá ní 1888, àti The Key to Theosophy, tí ó tẹ̀ lé e ní 1889, tí a kọ ní ìbéèrè àti ìdáhùn bí ìwé katikísìmù. Ẹnì kan náà ni ó kọ méjèèjì, èyíinì ni Helena Petrovna Blavatsky, obìnrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí a bí ní 1831 ní ìlú tí à ń pè ní Dnipro ní Yukréìn lónìí, tí ó sì kú ní London ní 1891. Òun àti Henry Steel Olcott, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì, àti William Quan Judge, pẹ̀lú àwọn mìíràn, ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Tíósófì sílẹ̀ ní New York ní 1875. Ní 1879 Blavatsky àti Olcott ṣí lọ sí Íńdíà, ní 1882 wọ́n sì fi Adyar, létí Madras tí a ń pè ní Chennai nísinsìnyí, ṣe olú ibùjókòó ẹgbẹ́ náà.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà sọ? Ó sọ pé ayé àti ọ̀run kò ní Ẹlẹ́dàá tí ó dá wọn bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Pé Ohun kan wà tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní òpin, tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjú sí kí ó pè é ní “Ìwọ”. Inú rẹ̀ ni ohun gbogbo ti ń tú jáde, inú rẹ̀ náà ni wọn yóò padà sí, bí èémí ti ń jáde tí ó sì ń wọlé. Ó sọ pé kò sí ohun tí ó kú pátápátá ní ayé. Òkúta, ewéko, ẹranko àti ènìyàn, gbogbo wọn ni ó ní mímọ̀, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀, mímọ̀ yìí sì ń gun àkàbà láti ara òkúta títí dé ara ènìyàn, títí ré kọjá ènìyàn. Ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpele méje: ara tí a ń rí, ẹ̀mí ìyè, òjìji, ìfẹ́ ti ara, inú tí ń ronú, òye gíga, àti ẹ̀mí tí ó borí gbogbo wọn. Mẹ́rin ti ìsàlẹ̀ a máa kú, wọn a sì tú ká. Mẹ́ta ti òkè a máa padà wá sí ayé léraléra lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ń pè ní kámà, òfin ẹ̀san tí kì í gbàgbé, tí kì í sì í dárí jini.

A kò ní fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ẹlẹ́yà. Ní àkókò tí ìwé wọ̀nyí jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù ń sọ pé èrò ọkàn ènìyàn kò ju ohun tí ọpọlọ ń tú jáde lọ, bí iná ti ń tú èéfín. Blavatsky bi wọ́n pé báwo ni ohun tí kò mọ nǹkan kan ṣe lè di ohun tí ó mọ ara rẹ̀. Títí di òní yìí, àwọn onímọ̀ ọpọlọ lè fi ibi tí ń ṣiṣẹ́ nínú orí hàn wá nígbà tí ojú bá rí aṣọ pupa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bí rírí náà ṣe di rírí fún ẹni tí ó rí i. Ìbéèrè ńlá ni. Níbi tí Blavatsky ti béèrè, a bá a lọ. Níbi tí ó ti dáhùn ni a ti dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ rere tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe pamọ́. Olcott dé Ceylon, tí ó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí, ní 1880; ó kọ katikísìmù fún àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní 1881, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1894 ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan létí Adyar fún àwọn ọmọ tí àwọn aládùúgbò wọn kà sí aláìmọ́. Annie Besant, ọmọbìnrin London tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà láti 1907 títí ó fi kú ní 1933, dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Híńdù sílẹ̀ ní Benares ní 1898. Ní 1917 a sì fi í ṣe ààrẹ Kóńgírẹ́ẹ̀sì ti Íńdíà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ọmọ lè gbọ́ orúkọ àwọn baba rẹ̀ láìsí ẹ̀gàn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tiwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí, àwa tí a jókòó lórí àga wọn sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀ràn ẹlẹ́rìí ni ó ká wa lára. A kọ The Secret Doctrine gẹ́gẹ́ bí àlàyé lórí ẹsẹ ìwé àtayébáyé kan tí Blavatsky pè ní Ìwé Dzyan, tí ó ní a kọ ní èdè kan tí ń jẹ́ Senzar. Kò sí onímọ̀ èdè kan tí ó tí ì rí ìwé náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ èdè náà. Lẹ́yìn ìwé yìí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń pè ní Mahatma, tí a ní wọ́n ń gbé lẹ́yìn òkè Himalaya, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà. Láti 1880 ni lẹ́tà wọ̀nyí ti ń dé ọ̀dọ̀ A. P. Sinnett, olóòtú ìwé ìròyìn The Pioneer ní Allahabad. Nígbà mìíràn a ní lẹ́tà jábọ́ láti òkè àjà. Nígbà mìíràn a bá a nínú àpótí kan tí a gbé kọ́ ara ògiri ní Adyar. Sinnett tẹ díẹ̀ nínú wọn jáde nínú ìwé rẹ̀, The Occult World, ní 1881. Ní 1883 ará Amẹ́ríkà kan, Henry Kiddle, kọ̀wé pé ó ya òun lẹ́nu láti rí i pé ibì kan nínú lẹ́tà Mahatma fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ tí òun fúnra òun sọ ní gbangba ní 1880 mu ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí ó wá ni pé Mahatma fi ọkàn pe ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọmọ-ẹ̀yìn kan, àti pé ọmọ-ẹ̀yìn náà ni kò gbọ́ ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti ń yẹ ìwé ìdánwò ọmọ wò fún ọdún púpọ̀, a rò pé ẹ ti gbọ́ ìdáhùn tí ó jọ ọ́ rí.

Ní 1884 Emma Coulomb, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe ìtọ́jú ilé ní Adyar, gbé àwọn lẹ́tà kan fún ìwé ìròyìn àwọn míṣọ́nnárì ní Madras, ó sì ní ọgbọ́n ẹ̀tàn ni Blavatsky fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìyanu náà. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń wádìí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní London rán Richard Hodgson lọ. Ìròyìn tí ó jáde ní 1885 sì dá obìnrin náà lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo kò gbọdọ̀ dákẹ́ síbẹ̀, nítorí ní 1986 ìwé ẹgbẹ́ kan náà tẹ àròkọ Vernon Harrison jáde, ẹni tí ó mọ̀ nípa ayédèrú ìwé. Ó sì sọ pé Hodgson gbè sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó láti fi dáni lẹ́bi. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ dá obìnrin náà sílẹ̀ lórí ọ̀ràn lẹ́tà, ìyẹn kò mú Ìwé Dzyan wá síwájú wa. Kò sí ẹni tí a lè bi léèrè síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ wé e. Ó parí The History of the Yorubas ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson sì tún un tò láti inú ohun tí ó fi sílẹ̀, tí ó fi jáde ní 1921. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ Johnson dárúkọ àwọn tí ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn: àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, Lágunjú tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ, David Kúkọmí tí í ṣe àgbà ìjọ Ìbàdàn. Púpọ̀ ni ó ti bá Johnson jiyàn láti ìgbà náà, pé ó gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, pé ohun tí ó sọ nípa ìlà-oòrùn kò dúró. A lè bá a jiyàn nítorí pé ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó sọ fún un. Ta ni yóò bá Mahatma jiyàn?

Ẹnì kan gbìyànjú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ní 1909 a rí ọmọkùnrin kan ní etí òkun Adyar, Jiddu Krishnamurti, wọ́n sì ní òun ni Olùkọ́ Ayé tí ń bọ̀ yóò gba ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní 1911 wọ́n dá ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1929, ní Ommen ní ilẹ̀ Holland, ó dìde níwájú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ó ní kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó lè mú ènìyàn dé ibi òtítọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Bàbátúndé. The Key to Theosophy kọ́ni pé láàrin ikú ẹni kan àti ìgbà tí a ó tún un bí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni yóò kọjá, nínú ibi ayọ̀ kan tí ń jẹ́ Devachan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbátúndé kan kò lè sí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí àwọn baba wa kò mọ̀ nípa ẹgbẹ̀rún ọdún yìí: bàbá àgbà kú ní ọdún yìí, a bí ọmọkùnrin sínú ilé náà ní ọdún tí ń bọ̀, orúkọ ti wà nílẹ̀. Kì í ya ilé ẹlòmíràn. Ọmọ tirẹ̀ ni yóò bí i. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọdún egúngún bá dé, a ó tún ké sí bàbá yìí kan náà láti ọ̀run, a ó kì í ní oríkì rẹ̀, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dáàbò bo ọmọ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú agbo ilé kan sì lè jẹ́ Yétúndé fún ìyá kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó rí ìyẹn bí àṣìrò, nítorí kì í ṣe ìrìn àjò ọkàn kan ṣoṣo ni orúkọ náà ń sọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilé kò tú, pé ikú kò rí ọ̀nà gbà pa ìdílé rẹ́. Ti Tíósófì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ, kíláàsì dé kíláàsì. Ti àwọn baba wa jẹ́ agbo ilé.

Bí ohun kan bá wà nínú ìwé Blavatsky tí ó jọ tiwa, inú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Isis Unveiled ti 1877, ni ó wà. Níbẹ̀ ó kọ ọ́ pé àtúnwá kì í ṣe òfin fún gbogbo ènìyàn, bí kò ṣe fún àwọn bíi ọmọ ọwọ́ tí ó kú láìpé ọjọ́. Àbíkú ni ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa yóò lọ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí The Secret Doctrine jáde, gbogbo ènìyàn ni ó ń padà wá. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti ṣe àlàyé gígùn lórí ìyípadà yìí. Ọdún mọ́kànlá ni ó wà láàrin ìwé méjèèjì, a sì ní láti béèrè bí ẹ̀kọ́ tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé ṣe rí àyè yí padà láàrin ìgbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé orí ni kámà. Ẹ rántí ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, tí wọ́n fẹ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá alámọ̀. Méjì nínú wọn, ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja, wọlé, wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú orí tí kò jiná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí náà sì jẹ, wọ́n dé ayé, wọn kò là. Ẹnì kẹta, Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, wọ́n dífá fún un, ó sì rú ẹbọ. Nígbà tí ó dé ilé Àjàlá, ó bá ẹni tí ó wá sin gbèsè. Àjàlá jẹ owó, ó sì ti sá pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Nígbà náà ni Àjàlá sọ̀kalẹ̀, tí ó sì bá a yan orí tí ó dára. Ẹ wo ìtàn yìí dáadáa. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ayé ìṣáájú kan nínú rẹ̀. Àwọn méjì tí orí wọn kò dára kò jẹ̀bi ohun kan ju ìkánjú àti àìbéèrè lọ, ẹni tí ó mọ orí fúnra rẹ̀ sì ni onígbèsè. Lábẹ́ kámà, olúkúlùkù ni yóò san gbèsè ara rẹ̀ dé kọ́bọ̀ ìkẹyìn. Nínú ìtàn tiwa, gbèsè tí ẹnì kan san fún ẹlòmíràn ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwa tí a ń ka Ìhìnrere kò lè ṣe aláìdúró díẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sọ pé ọ̀kan ni méjèèjì. Irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń bá Tíósófì wí.

Kámà kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. The Key to Theosophy sọ ọ́ láìfi pamọ́ pé wọn kì í gbàdúrà sí Ọlọ́run kan tí ń gbọ́. Ìbá ṣòro fún baba wa kan láti lóye èyí, ẹni tí kò lè jáde kúrò nílé ní òwúrọ̀ láìsọ pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

A dé ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù. Apá kejì The Secret Doctrine to ìran ènìyàn sórí àkàbà pẹ̀lú: ìran gbòǹgbò méje, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èkíní kò ní ara. Ẹ̀kẹta gbé orí ilẹ̀ kan tí ó rì, Lemuria. Ẹ̀kẹrin gbé Atlantis. Ìkarùn-ún, tí ìwé náà pè ní Aryan, ni ti àwọn ará Yúróòpù àti Íńdíà. Nípa Lemuria, kí a sọ ọ́ kíákíá: onímọ̀ ẹranko kan, Philip Sclater, ni ó dá orúkọ náà sílẹ̀ ní 1864 láti fi ṣàlàyé ìdí tí irú ẹranko kan fi wà ní Madagascar tí ìbátan rẹ̀ sì wà ní Íńdíà. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti gbà, ní nǹkan bí 1960 sí 1970, pé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé a máa ṣí kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ tí ó rì náà kò wúlò fún wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé náà tẹ̀ síwájú. Ó sọ pé àwọn ènìyàn kan tí ó kù ní ayé jẹ́ àṣẹ́kù ìran tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ó ka àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì mọ́ wọn. Ó ní wọ́n ń kú tán, àti pé kò tọ́ kí a máa sọ ní gbogbo ìgbà pé ìwà ìkà àwọn tí ó wá gba ilẹ̀ wọn ni ó fà á, kámà ni. Ní 1888 ni a tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ìbọn ṣe, tí àrùn ṣe, tí gbígba ilẹ̀ ṣe, ìwé náà pè é ní òfin ayé àti ọ̀run. Àwọn Maori ti New Zealand wà lára àwọn ará erékùṣù wọ̀nyí. Ní 1896 wọn kò ju nǹkan bí 42,000 lọ. Nígbà tí a kà wọ́n ní 2018, wọ́n lé ní 700,000. Kámà kò pa wọ́n tán.

Ẹgbẹ́ tí ó mú ìwé yìí jáde kan náà ni ó kọ ọ́ sí iwájú òfin rẹ̀ pé ìdí tí òun fi wà ni láti jẹ́ ìpìlẹ̀ ìbátan gbogbo ènìyàn, láìka ìran, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo, tàbí àwọ̀ sí. A gbà pé púpọ̀ nínú wọn ń gbé nípa ọ̀rọ̀ yìí; ilé-ẹ̀kọ́ Olcott jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ́wọ́ gba igi kan tí gbogbo ẹ̀sìn jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àkàbà kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, àti pé kì í ṣe àwa ni a tò ó.

Ní 1889 ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà kan wà ní London tí ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, Mohandas Gandhi. Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Tíósófì méjì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn ka Gita. Ojú tì í, nítorí kò tí ì kà á rí, ìbáà ṣe ní èdè tirẹ̀. Ó ka The Key to Theosophy pẹ̀lú, ó sì jẹ́wọ́ nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ìwé náà ni ó ru òun sókè láti lọ ka ìwé ẹ̀sìn àwọn baba òun. Kò dúró lọ́dọ̀ Blavatsky. Gita ni ó kà títí ó fi kú. Àwa náà kò ṣe aláìní ohun tí a ó kà. E. M. Lijadu, òṣìṣẹ́ ìjọ ní Oǹdó, tẹ ìwé Ifá jáde ní èdè Yorùbá ní 1898, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn The Secret Doctrine. Wándé Abímbọ́lá sì tẹ apá kìíní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá bi yín ní ọ̀la pé kí ni ìtumọ̀ Bàbátúndé, ẹ bi í padà pé orúkọ ta ni a fi sọ ọ́, kí ó sì lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá-ìyá rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé kankan.